Aṣọ Pupa Onídáàtì Kan

Mo ti gé aṣọ náà tán kí n tó rántí pé obìnrin tó ni ín kò ní ju ọyàn kan ṣoṣo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ̀rín wà gan-an. Tí a bá fẹ́ gé iwájú kaba, a kì í tẹ́ aṣọ sílẹ̀ gbalaja. A ó ká a sí méjì, etí kan á bá èkejì, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí rẹ̀, a ó sì gbé sísọ́ọ̀sì lé e. Ohun tí o bá gé lápá ọ̀tún ti gé ara rẹ̀ lápá òsì nìyẹn. Nígbà tí o bá ṣí i, iwájú aṣọ ti pé, ọ̀tún àti òsì jọra bí ìbejì. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa, láti Ìlaro títí dé Kútọnú. Kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́. Ọwọ́ ló ń dá a ṣe, bí ẹsẹ̀ ẹni ṣe ń mọ ọ̀nà ilé.

Ọwọ́ mi dá a ṣe lọ́jọ́ náà. Aṣọ pupa fòò ni, Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ rà á ní Kútọnú, ó sì ti sọ fún mi pé èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tó tà á nìyẹn. Mo ká a sí méjì, mo gé e, mo ṣí i. Ni àyè ọyàn méjì bá ń wò mí láti orí tábìlì. Mo jókòó.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Rẹ̀mí, télọ̀ aṣọ obìnrin, ọ̀nà Páháyì. Mo ka ìwé o. Mo lọ sí Pólì, mo kọ́ ìṣirò owó, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, mo sì fi gíláàsì sí i, mo gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìṣó tí mo fi kọ́ ọ wúlò púpọ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń so báàgì wọn kọ́ tí wọ́n bá ń wọ aṣọ wò. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi kò sí nínú ìwé yẹn. Ọ̀dọ̀ Mùsíyè ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ Ìpòbẹ́ ni, lódìkejì bọ́dà. Yorùbá ni bíi tiwa, àmọ́ èdè Faransé ló fi lọ iléèwé, ìdí nìyẹn tí gbogbo Ìlaro fi ń pè é ní Mùsíyè, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá béèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, màá ní kí ẹ lọ bi bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì tuntun dání, mo fi táwẹ̀lì wé e bí ọmọ ìkókó. Ó gbà á, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

“Lọ jókòó síta.”

“Kí n máa ṣe kí ni, ọ̀gá?”

“Máa wo ènìyàn.”

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá ti kọjá, Mùsíyè á ké láti ìdí maṣíìnì rẹ̀ pé, “Èjìká wo ló lọ sílẹ̀?” Tí mo bá ní, “Méjèèjì dọ́gba, ọ̀gá,” á pariwo: “Atansíọ́n! Fiyè sí i! O ò wò ó nìyẹn. Ọlọ́run ò dá ẹni tó dọ́gba rí. Wo ènìyàn kó o tó ká aṣọ!” Inú bí mi. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí n máa ṣọ́ ìta fún òun ni. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ lọ dúró síwájú dígí. Èjìká yín kan ga ju èkejì lọ. Ẹ má bínú sí mi o, Mùsíyè ló sọ ọ́, òun náà sì ti sùn ní Ìpòbẹ́, ẹ ò lè rí i bá jà.

Ó tún kọ́ mi ní dáàtì. Dáàtì ni ìṣẹ́po kékeré tí a máa ń rán sábẹ́ apá tàbí sábẹ́ àyà, kí aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lè yọ kòtò tí ọyàn á jókòó sí. Ibi tí dáàtì bá wà, ọyàn ló wà níbẹ̀. Dáàtì tí kò ní ọyàn nínú, àpò lásán ni. Ó sì ti wá ku dẹ̀dẹ̀ kí n rán àpò fún Ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ló ni jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ilé wa. Kò sí ọmọ àdúgbò tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, títí kan Rẹ̀mí tèmi, tó jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fun ikun imú dípò kí wọ́n fi ahọ́n pàdé rẹ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un ní ọyàn, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ti òsì kúrò. Nígbà tó dé, ó ní ibà ló ṣe òun. Ó ká ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó kì í bọ inú kọ́mú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Àmọ́ ìbọ̀sẹ̀ ò ní gbòǹgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bá àwọn ọmọ jó orin òwúrọ̀, ó gbé apá sókè, ó gbé e sílẹ̀, ni ọyàn òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọ́kọ́ lọ sábẹ́ apá, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi ìhà, ó sì já bọ́ sórí ilẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara orin ni. Àmọ́ ìyá ọmọ kan wà ní ẹnu géètì tó mú ọmọ rẹ̀ wá, Ìyá Kàfáyà, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọ̀kadà lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ìlaro ti gbọ́. Ẹni tó ní àrùn náà ń ràn wà, pé ọmọ tó bá jẹun nínú abọ́ Ẹ̀gbọ́n á kó o. Ẹni tó ní kì í ṣe ojú lásán wà. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ní ó fi ọyàn kan ṣòwò ni, bí ẹni pé ènìyàn lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A, B, D lábẹ́ páànù tó ń jò tó bá jẹ́ pé ó ti rí owó ọyàn gbà.

Ìyá Kàfáyà ló kọ́kọ́ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n gbé aṣọ pupa wá bá mi.

“Ìyá Rẹ̀mí, rán an bí ara mi ṣe rí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi fóòmù sí apá òsì. Fóòmù gidi, tí mo máa rán mọ́ ọn pinpin, kò ní lè rìn. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.”

“Gbogbo ìlú ló ti mọ̀. Ta lo wá fẹ́ tàn?”

“Àṣírí yín ni mo fẹ́ bò.”

“Wọ́n ti ń fi ṣeré ayò, o ní o fẹ́ bò ó.” Ó gbé apá òsì sókè, ó fi ìka kan iwájú abíyá rẹ̀. “Àpá náà parí síbí. Má ṣe fi apá sí aṣọ yìí. Gé ihò apá rẹ̀ kó wọlé dáadáa, mo fẹ́ kí orí àpá náà yọ síta.”

“Pupa? Tí kò lápá? Níwájú àwọn òbí ọmọ?”

“Lọ́jọ́ òpin ọdún iléèwé. Ohun tí ènìyàn ò rí ló máa ń tóbi lójú ẹni. Jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe mọ. Tí wọ́n bá rí i tán tí wọ́n bá ṣì kó ọmọ wọn lọ, màá ti ilẹ̀kùn, màá lọ máa gbin ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ bàbá mi ní Igbógílà. Àmọ́ n ò lè máa fi ìbọ̀sẹ̀ kọ́ ọmọ mọ́.”

Nígbà tó lọ, mo jókòó, mo ń ronú. Ìlú wa yìí náà kọ́ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jáde? Ọkùnrin onírùngbọ̀n á so ọmú igi mọ́ àyà, á di ìdí ràgàjì, á máa yí i kiri lójú agbo, gbogbo wa á máa hó yèè, a ó ní ó kú ẹwà. Mùsíyè rán aṣọ fún wọn rí, èmi ni mo di pín-ìnnì mú nígbà tó ń fi aṣọ bo àwọn ọmú igi náà. Kò sẹ́ni tó sá. Ọkùnrin tó ní ọmú méjì tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀yẹ ni. Obìnrin tó ní ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rù ni. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn lẹ́nu mi, nítorí èmi náà ni mo kọ́kọ́ dárúkọ fóòmù.

Lẹ́yìn gbogbo àròjinlẹ̀ yìí ni mo wá ká aṣọ sí méjì. Orí gbọ́, ọwọ́ ò gbọ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé láti wá wọ̀ ọ́ wò, mo gbé aṣọ náà fún un bó ṣe wà. Mo ti fi òwú gbọọrọgbọọrọ tọ́ ọ pọ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó dúró síwájú dígí. Apá ọ̀tún bá a mu bí awọ. Apá òsì rọ̀ sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ tán. Mo ń retí kó bú mi. Ó dì í mú, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó ní:

“Ọwọ́ rẹ ò tíì gbà pé ó ti lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo máa wá a lọ sí Kútọnú...”

“Kò sí níbẹ̀ mọ́, mo sọ fún ẹ. Má da ara ẹ láàmú. Ọwọ́ tèmi náà ò tíì gbà. Tí mo bá ń wẹ̀, á lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, á wá a, á wá a, á padà.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu télọ̀, pín-ìnnì ló kù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ tó pọ̀ jù náà jọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fi ìṣẹ́po ńlá kan gbá a wọlé, á wú. Mo wá ń ká a ní pílíìtì kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ níbi ihò apá, níbi tí àpá rẹ̀ ti yọjú, wọ́n sì ń tàn ká àyà rẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ń tàn láti ìdí rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo fẹ́ dìde, kí n sọ fún un pé tí mo bá fi òwú pupa rán an, kò ní hàn.

“Dúró,” ó ní. Ó ń wo dígí. “Má fi òwú pupa rán an.”

“Òwú wo wá ni?”

“Èyí tí afọ́jú á rí.”

A tú páálí òwú mi palẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, ó mú òwú aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n, èyí tí mo ti rà fún aṣọ ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù kan tí wọn ò wá gbà. Ọwọ́ ni mo fi rán pílíìtì náà láti òkè délẹ̀, nítorí maṣíìnì á tẹ̀ ẹ́ pa. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi pamọ́ ti wá di ojú aṣọ.

Lọ́jọ́ òpin ọdún, wọ́n ta kánópì sí àgbàlá jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn òbí jókòó. Àwọn kan ti jókòó bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ, báàgì lórí itan. Mo rí Ìyá Kàfáyà lẹ́nu géètì, kò wọlé, kò sì lọ. Ẹ̀gbọ́n jáde láti inú kíláàsì nínú aṣọ pupa náà, òwú ọsàn ń kọ mànà lápá òsì, orí àpá sì yọ ní iwájú abíyá rẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. A gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń jẹ páálí lẹ́yìn ògiri.

Obìnrin kan sáré dìde tòun ti ìborùn lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí bora o, atẹ́gùn ń fẹ́.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Atẹ́gùn ni mo wá gbà.”

Ó dúró láàárín wa. Kò pariwo. “Ẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa mi. Ẹ wò mí dáadáa, n ò ní sá. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ti gé e. Kì í ràn. Bó bá ń ràn ni, Ìyá Rẹ̀mí tó jókòó síbẹ̀ yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ kó o, torí ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára mi láti ìgbà tó ti ń rán aṣọ yìí.”

Ni gbogbo ojú bá yí sí àyà tèmi.

Kí ni ẹ̀ bá ní kí n ṣe? Mo dìde. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè kà á. Bàbá ọmọ kan ní, “Ó pé o!” Ìyàwó rẹ̀ gbá a lẹ́yìn orí. Ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn, ó sì gba abẹ́ kánópì kan. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rẹ́rìn-ín o. Bàbá àgbà kan dìde, ó ní ìwà àìnítìjú lèyí, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n kí i pé ó dàbọ̀. Àwọn ọmọ kọrin wọn, Ẹ̀gbọ́n gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè bá wọn jó, nǹkan kan ò sì já bọ́.

Nígbà tí mo wo ẹnu géètì, Ìyá Kàfáyà ti lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ankará lọ́wọ́. Mo ti pèsè èébú tí mo máa bú u, ó dùn, mo ti ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó ní kí n wọn òun. Mo na téèpù yí i ká. Bó ṣe kan àyà, ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọyàn rẹ̀ ọ̀tún.

“Ìyá Rẹ̀mí, ẹ̀yin lẹ máa ń wọn àyà gbogbo obìnrin ìlú yìí. Ṣé gbogbo wa ló ní eléyìí?”

Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́.

“Látìgbà wo?”

“Kí n tó yọ Kàfáyà kúrò níléèwé.” Omi ti gba ojú rẹ̀. “Mo rò pé tí n ò bá rí Ẹ̀gbọ́n láràárọ̀, n ò ní máa rántí.”

Èébú dídùn tí mo ti pèsè, mo gbé e mì. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fà á lọ́wọ́ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀gbọ́n ń gbálẹ̀ kíláàsì. Ó wo ojú Ìyá Kàfáyà, ó wo ibi tó fọwọ́ dì mú, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

“Kàfáyà ńkọ́?”

“Ó wà nílé, mà.”

“Tí a bá wọlé sáà tuntun, mú u padà wá. Ṣé ó ṣì ń jẹ ìka?” Kò dúró gba èsì. “Lọ́jọ́ Ajé, kó o ti múra kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí ènìyàn bá pẹ́ dé ọsibítù Abẹ́òkúta, ọ̀sán ló máa tó rí dókítà.”

Aṣọ pupa yẹn ni Ẹ̀gbọ́n wọ̀ sin ín lọ. Ìyá Kàfáyà sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì méjì ló béèrè télọ̀ rẹ̀. Wọ́n tètè bá kókó náà, kò tíì tàn ká. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi ìyókù ọyàn náà sílẹ̀ fún un, ó kàn tẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Jẹ́lé-ó-sinmi ṣì wà ní ṣíṣí. Kò kún bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ariwo rẹ̀ ń dé ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀. Àwọn ọmọbìnrin Pólì ń mú oríṣiríṣi sítáìlì wá fún mi nínú fóònù, àwọn tó ṣí lẹ́yìn, àwọn tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa ṣọ́ ojú mi bóyá màá kígbe. N kì í kígbe. Mo máa ń ní kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n rìn lọ rìn bọ̀, kí n wo ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ná. Wọ́n rò pé mo ti ń darúgbó.

Ìyá Kàfáyà padà wá nítorí ankará rẹ̀ nígbà tí ojú egbò jiná. Mo wò ó títí. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì gbalaja, n kò ká a. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá òsì lọ́tọ̀, mo sàmì sí apá ọ̀tún lọ́tọ̀. Ó dúró tì mí, ó ń wo sísọ́ọ̀sì bó ṣe ń lọ. Ìgbà tí mo gé e tán ló tó la ẹnu.

“Ìyá Rẹ̀mí, òwú ọsàn yẹn, ṣé ó kù?”

“Ó kù.”